Iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín já, àlàfo wà láàárín: ká fà á pọ̀ ni, àbí ká fi òmíì dí i?

Eku kan ló là mí lójú. Iṣan tó wà ní itan ẹ̀ ò ju nǹkan bíi mílímítà 1 lọ ní fífẹ̀, ọ̀gá mi ní kí n gé díẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí n fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń dí àlàfo, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí, ó sú mi láti tún lọ yọ iṣan míì láti ibòmíì, mo bá fa ẹnu méjèèjì pọ̀ mo rán an. Ó dáa lójú o, abẹ́rẹ́ mẹ́jọ, gbogbo ẹ̀ tò rẹ́gẹ́rẹ́gẹ́. Mo tú kílípù, ẹ̀jẹ̀ kọjá, iṣan ń lù kìkì, inú mi dùn. Kí n tó fọwọ́ tán kí n padà dé ó ti dákẹ́. Mo là á wò lábẹ́ máìkírósíkóòpù, ìdì funfun kékeré kan ló jókòó sójú rírán, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Òwú ò tú, mi ò sì rán ẹ̀yìn mọ́ iwájú. Ohun tó pa á ni pé mo fà á jù, ojú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ya di ihò gígùn, awọ inú ẹ̀ ti fà ya yípo.

Ìfiwéra tí mo fẹ́ ṣe yìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń fi máìkírósíkóòpù ṣe ni mo kọ ọ́ fún jù, àti ẹni tí dókítà sọ fún pé a máa mú iṣan lẹ́sẹ̀ ẹ láti fi tún ìka ẹ ṣe, tó wá ń ronú pé kí ló kan ẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìka. Ọ̀nà mẹ́rin la ní: ká fà á pọ̀ tààrà, ká fi vein dí i, ká fi artery dí i, tàbí ká fi páìpù oníke dí i. Ẹni kan á bi yín pé èwo ló lágbára jù. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀, èmi máa ń bi pé ta ló máa gbé awọ inú wá, ìgbà wo ló sì máa bo ojú rírán tán. Tẹ́ ẹ bá ti lè dáhùn ìyẹn, ẹ ti mọ èyí tẹ́ ẹ máa mú.

Kí n tètè sọ ọ̀rọ̀ tí màá máa lò. Iṣan àlọ ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́kàn lọ sára, òun ni artery. Iṣan àbọ̀ ló ń gbé e padà, òun ni vein. Graft ni ohunkóhun tá a bá fi dí àlàfo. Awọ inú ni sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ tó tò sínú iṣan ní ìpele kan ṣoṣo, ìwé ń pè é ní endothelium, kò nípọn rárá, àmọ́ òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Bó ṣe ń san

Awọ inú yìí ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú wa. Ó ń tú nitric oxide àti prostacyclin síta, àwọn méjèèjì ló ń lé platelet lọ, ìyẹn àwọn èérún sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń kóra jọ kí ẹ̀jẹ̀ lè dì. Níbi tí abẹ́rẹ́ bá ti gún un, tí kílípù ti tẹ̀ ẹ́, tàbí tí ẹnu tá a gé ti ṣí sílẹ̀, collagen, fọ́nrán líle tó wà lábẹ́ ẹ̀, á yọjú, platelet ò sì lè rí collagen kó má lẹ̀ mọ́ ọn. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan wọ́n á ti bo ojú òwú. Tí wọ́n bá dúró ní ìpele tín-ín-rín, ó dáa, bí ìgbà tí ọgbẹ́ bá ṣe èépá ni. Tí wọ́n bá ń pe ara wọn jọ, tí fibrin, òwú tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì, wá ń dì mọ́ wọn, ìdì funfun tí mo rí lára eku mi nìyẹn. Ọjọ́ 3 sí 5 àkọ́kọ́ ló léwu jù, wákàtí 48 àkọ́kọ́ ló sì burú jù nínú ẹ̀. Tó bá máa fi tó ọjọ́ 5, awọ ìgbà díẹ̀ kan á ti bo ibẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 awọ inú tòótọ́ á ti wọ́ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá pàdé lórí òwú.

Ògiri iṣan fúnra ẹ̀ kì í san padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ibi tí òwú bá fún mọ́, ẹran inú ògiri ibẹ̀ máa ń kú, àpá ló ń rọ́pò ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn sẹ́ẹ̀lì kan láti inú ògiri á máa rìn bọ̀ wá sábẹ́ awọ inú, wọ́n á máa pọ̀ sí i, ibẹ̀ á máa nípọn. Nínú iṣan ńlá ẹ lè má fura. Nínú mílímítà 1, ìṣirò ẹ̀ ò láàánú, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá máa ń tẹ̀lé fífẹ̀ iṣan nígbà tí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ fúnra ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ìyẹn òfin Poiseuille tí wọ́n kọ́ wa ní fisíìsì. Tí fífẹ̀ bá dín láti 1 sí 0.8, ẹ̀jẹ̀ tó kù ò ju nǹkan bíi 41 nínú 100 lọ. Tó bá di 0.5, ìdá kan nínú 16 ló kù. Òwú kan tẹ́ ẹ gbá jìn jù ti lè ṣe ìyẹn.

Iṣẹ́ yìí fúnra ẹ̀ kò tíì pẹ́ púpọ̀. Alexis Carrel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1912 torí bó ṣe ń rán iṣan àti bó ṣe ń gbé ẹ̀yà ara láti ibì kan síbòmíì, òwú mẹ́ta ló fi ń fa ẹnu iṣan kó di onígun mẹ́ta kí abẹ́rẹ́ má bàa gbá ògiri ẹ̀yìn, a ṣì ń lo ọgbọ́n yẹn dòní. Ṣùgbọ́n ọdún 1960 ni Jacobson àti Suarez tó gbé máìkírósíkóòpù sórí iṣan tí ò tó mílímítà 2, ní Vermont ní Amẹ́ríkà. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀, 1965, Komatsu àti Tamai rán àtàǹpàkò tó já pátápátá padà ní Japan, ó sì yè.

Fífà á pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ vein

Gbogbo ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ ló máa ń fẹ́ fà á pọ̀, mo mọ ìdí ẹ̀. Ojú rírán kan ni, vein ní méjì, èèyàn á ní ojú méjì wàhálà méjì. Ìṣirò yẹn ì bá tọ́ tó bá jẹ́ pé gbogbo ojú rírán ló dọ́gba. Wọn ò dọ́gba. Ojú méjì tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ sàn ju ojú kan tó ń fà lọ, àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ti ń sọ ọ́ tipẹ́, àfi ìgbà tí eku fi hàn mí ni mo gbà.

Ibi tí fífà á pọ̀ ti dáa ni ibi tí nǹkan tó mú bí ọ̀bẹ tàbí dígí bá gé iṣan, tó gé mọ́. Àlàfo tẹ́ ẹ rí níbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ àlàfo, iṣan ló súnkì sẹ́yìn bíi rọ́bà tí wọ́n gé. Ẹ tú u díẹ̀ kúrò lára ẹran tó yí i ká, ẹ di àwọn ẹ̀ka kéékèèké tó so ó mọ́lẹ̀, á sún wá. Tó bá jẹ́ ìka ẹ lè tẹ oríkèé wọlé díẹ̀, àmọ́ ẹ rántí pé wọ́n ṣì ń bọ̀ wá ní kí aláìsàn na ìka yẹn. Tí ìka bá sì já kúrò pátápátá, àwọn kan máa ń gé egungun kúrò díẹ̀ kí gbogbo nǹkan lè sún mọ́ra, ọ̀nà tó dáa nìyẹn tí ò bá ti kan oríkèé, ó máa ń gba èèyàn lọ́wọ́ graft pátápátá.

Ìdánwò tí mo máa ń ṣe ò le. Òwú 10-0 kan ṣoṣo, fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.02 mílímítà, irun orí nípọn jù ú lọ dáadáa. Tí òwú kan yẹn bá lè mú ẹnu méjèèjì pàdé láìjá, láìya iṣan, mo máa rán an. Tó bá já, mi ò bá a jà, mo ń lọ sídìí vein. Ẹ ṣọ́ra fún kílípù alápá méjì tó máa ń sún ẹnu iṣan pọ̀ fún yín o, òun ló ń bá yín fà á níbẹ̀, ẹ á máa rò pé ó rọ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá wá tú u tán, òwú nìkan ló kù tó ń fà.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló fa ìka tu, tàbí nǹkan wúwo ló fọ́ ọ, kò sí ìjíròrò kankan. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìka, tẹ́ ẹ bá rí ìlà pupa tó sọ̀ kalẹ̀ níbi tí iṣan ń gbà, ẹ̀jẹ̀ ló ti ya kúrò lára àwọn ẹ̀ka iṣan tó fà já. Ẹ wo ẹnu iṣan náà, tó bá lọ́ bíi rìbọ́nì tí wọ́n fi eékánná fà, ó ti na kọjá agbára ẹ̀, awọ inú ti ya ní ibi tó pọ̀ ju ibi tójú yín ń rí. Irú ẹ̀, ẹ máa gé e sẹ́yìn títí tí inú ẹ̀ á fi mọ́ lábẹ́ máìkírósíkóòpù, kò sí ìdì tó lẹ̀ mọ́ ọn, ògiri ò sì ya ní ìpele-ìpele, tẹ́ ẹ bá tú kílípù òkè kí ẹ̀jẹ̀ tú jáde tagbáratagbára. Ẹni tó bá ṣahun níbí torí pé àlàfo ń fẹ̀ sí i, ọ̀la ló máa san án. Ẹ gé e, ẹ fi vein dí i.

Vein: bẹ́ ẹ ṣe máa mú un àti bó ṣe ń di ti ibẹ̀

Vein pọ̀ lára, abẹ́ awọ ló wà, a lè mú un láìpa ẹ̀yà ara kankan lára, ó sì ń bá awọ inú ẹ̀ wá láàyè. Ìdí tó fi jẹ́ òun ni mo máa ń kọ́kọ́ rò nìyẹn. Fún iṣan ìka, ti iwájú ọrùn-ọwọ́ máa ń bá a mu, mílímítà 1 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ti orí ẹsẹ̀ fẹ̀ jù ú díẹ̀. Saphenous, èyí tó gùn láti ọrùn-ẹsẹ̀ dé itan, Jean Kunlin ló fi í yẹ iṣan ẹsẹ̀ tó dí ní Paris ní 1948, ó dáa púpọ̀ fún iṣan ńlá, fún ìka ó ti tóbi jù. Tí graft bá fẹ̀ ju iṣan tẹ́ ẹ so ó mọ́ lọ, ẹ̀jẹ̀ á kàn dé ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan, ẹ̀jẹ̀ tó bá sì ti ń jókòó á dì. Tí ìyàtọ̀ ò bá pọ̀ ẹ lè gé ẹnu èyí tó kéré ní ìdagẹ̀rẹ̀ kó lè fẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ pé "kẹ́ ẹ yí vein padà" ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, ó da èmi náà láàmú. Vein ní ilẹ̀kùn kéékèèké nínú tó máa ń ṣí sápá kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kan mo rán ojú méjèèjì dáadáa, mo tú kílípù, graft wú dé àárín ó dúró gbọn-in, ìdajì pupa, ìdajì pẹlẹbẹ. Ilẹ̀kùn ló tì. Gbogbo iṣẹ́ wákàtí méjì lọ síbẹ̀. Látìgbà yẹn mi ò fi "yíyí padà" sọ́kàn mọ́, ohun tí mo ń rò ni pé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ vein yìí tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ náà ni kó máa gbà wọlé. Tẹ́ ẹ bá rò ó báyẹn, ẹ ò ní ṣì í, bóyá iṣan àlọ lẹ fẹ́ dí ni o, bóyá iṣan àbọ̀ ni. Kí n tó gé e kúrò lára ni mo máa ń fi kílípù kékeré sí ẹnu tó jìnnà sí ọkàn, ẹnu yẹn ni ẹ̀jẹ̀ á máa bá wọlé.

Gígùn ẹ̀ náà lẹ́tàn. Bẹ́ ẹ ṣe gé e kúrò ló ti súnkì, tí ẹ̀jẹ̀ àlọ bá sì wọ inú ẹ̀ á gùn á tún fẹ̀. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n nígbà tó ti súnkì, tó gé e kó bá àlàfo mu gẹ́lẹ́, á rí i pé ó gùn jù nígbà tó bá tú kílípù, ó ti ká bí ejò, ibi tó bá sì ti ṣẹ́ kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kọjá. Mo máa ń rán ojú òkè ná, mo á jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kún un, ìgbà yẹn ni mo tó wọ̀n ọ́n tí mo máa gé ẹnu ìsàlẹ̀. Bó ṣe kún yẹn náà ló ń jẹ́ kí n rí i tó bá lọ́. Ìlà kan pẹ̀lú yíńkì lórí ẹ̀ láti òkè délẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọ ọ́ ò gba ìṣẹ́jú kan.

Ibi tí wọ́n ti ń pa vein jù, kí ẹ̀jẹ̀ tó débẹ̀ rárá ni. Ó súnkì, èèyàn á fi sìríńjì ti omi iyọ̀ sí i kó lè ṣí. Ọwọ́ ò mọ ìwọ̀n, ìfúnpá tí àtàǹpàkò ń ti lè ju ti iṣan àlọ lọ ní ìlọ́po, awọ inú á kàn bó dànù. Ẹ̀ ń wò ó lóde ó dáa, ó rọ̀, nínú ihòhò ló wà. Ẹ jẹ́ kó ṣí fúnra ẹ̀ pẹ̀lú omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti papaverine tàbí lignocaine, oògùn tó ń jẹ́ kí iṣan tó súnkì tú, ẹ mú un létí nìkan, ẹ má fi fọ́séèpù há ògiri ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó gbẹ. Domingos Souza ní Sweden ló gbé e jáde láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn pé kí wọ́n máa yọ saphenous pẹ̀lú ọ̀rá tó yí i ká, kí wọ́n má fọwọ́ kan ògiri ẹ̀, kí wọ́n má sì fi omi fẹ́ ẹ, àwọn graft yẹn sì pẹ́ ju ti àtijọ́ lọ. Lára vein mílímítà 1 ọ̀rá púpọ̀ ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ríran, èmi máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀ ní àárín, mo á nu ẹnu méjèèjì mọ́ tónítóní torí fọ́nrán òde tó bá ṣèèṣì wọ inú ojú rírán, platelet ti ráyè nìyẹn.

Tó bá wá dé àyè ẹ̀ tuntun, ìyà ń bẹ̀rẹ̀. Ìfúnpá tó mọ̀ láyé ẹ̀ ò ju nǹkan bíi 10 mmHg lọ, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ wá gbé e sábẹ́ 100. Ó na, àwọn sẹ́ẹ̀lì ògiri ẹ̀ kan kú, ibi tí awọ inú ti bó, platelet àti sẹ́ẹ̀lì funfun jókòó síbẹ̀. Awọ inú tó kù láwọn ibi tí ò bó á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, ti iṣan ẹ̀gbẹ́ méjèèjì náà á máa bọ̀. Lábẹ́ ẹ̀, ògiri ń nípọn láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ, ó máa ń tó nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó rọlẹ̀. Ó ń gbìyànjú láti di iṣan àlọ ni. Ìwọ̀nba ìnípọn dáa fún un, torí láìsí ẹ̀ ó lè máa wú. Ó máa ń kọjá ààlà níbi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń yí, níbi tí fífẹ̀ ò bára mu, àti níbi tí awọ inú ti bó jù. Ògiri ẹ̀ tún ń jẹun láti ìta, lára ẹran tó yí i ká, nítorí náà graft tẹ́ ẹ tẹ́ sórí ẹran tó ti kú tàbí tí awọ ò bò, kò ní pẹ́.

Artery fún artery

Tó bá jẹ́ ti bíbára mu, òun lọ̀gá. Ògiri ẹ̀ nípọn bíi ti iṣan tẹ́ ẹ fẹ́ tún ṣe, ó ti mọ ìfúnpá 100 látìgbà tí wọ́n ti bí aláìsàn, kò nílò láti di nǹkan míì, ìdí nìyẹn tí kì í fi í nípọn bíi vein. Kò nílẹ̀kùn nínú. Ó ń tín-ín-rín bó ṣe ń lọ, tẹ́ ẹ bá gbé e síbi tó ń lọ tẹ́lẹ̀ ẹnu méjèèjì lè bá ibi tẹ́ ẹ fẹ́ so ó mọ́ mu láìgé ìdagẹ̀rẹ̀ kankan.

Àwọn èèyàn máa ń tọ́ka sí iṣẹ́ abẹ ọkàn, pé artery inú àyà tí wọ́n so mọ́ ọkàn, ó lé ní 90 nínú 100 tó ṣì máa ń ṣí lẹ́yìn ọdún 10, ti vein sì máa ń wà ní nǹkan bí ìdajì sí 60. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ má kàn gbé òǹkà yẹn wá sídìí ìka o. Artery àyà yẹn, wọn kì í sábà gé orísun ẹ̀, ojú rírán kan ló ní, ẹ̀jẹ̀ àti oúnjẹ ẹ̀ ṣì ń bọ̀ látibi tó ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀. Tèmi àti tiyín, a gé e lẹ́nu méjèèjì.

Ìṣòro ẹ̀ ni ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i. Ẹ ò lè mú artery bí ẹni já ewé, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn tó ṣeé mú ni ẹ̀ka kan lára artery itan tó ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín ẹran, artery ẹ̀yìn apá tó wà láàárín egungun méjèèjì, ẹ̀ka artery abẹ́ apá tó ń lọ sí ẹran ẹ̀yìn, àti èyí tó wà nísàlẹ̀ ikùn. Yíyọ wọn ń gba àkókò, wọ́n sì máa ń súnkì burúkú, artery lè súnkì débi tẹ́ ẹ máa rò pé ẹ ti pa á. Ẹ rọ papaverine sí i, ẹ bo ó, ẹ lọ ṣe nǹkan míì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ibi tí mo ti máa ń wá a ni ọ̀rọ̀ bíi tàwọn tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá nǹkan bíi òòlù fún ọ̀pọ̀ ọdún títí artery ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín á fi dí. Ọwọ́ náà ṣì máa padà sẹ́nu iṣẹ́, àlàfo gùn, ibẹ̀ ń ká ó ń nà lójoojúmọ́. Àtúnṣe tó máa gba ogún ọdún ìlò, mo fara mọ́ wákàtí kan tí artery máa fi kún un. Nínú ìka tó já lóru tí aláìsàn ti pẹ́ kó tó dé, vein ni, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi artery dá yín dúró.

Páìpù oníke

Kí n má pẹ́ níbí, ìdáhùn mi ni rárá. ePTFE, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Gore-Tex, àti Dacron ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú iṣan ńlá tí ẹ̀jẹ̀ ń sáré nínú ẹ̀. Tó bá ti wá sí 6 mílímítà sísàlẹ̀ ó ń bàjẹ́ lọ ni, ní mílímítà 1 ó máa ń dí kíákíá. Ìdí ẹ̀ ni pé kò bá awọ inú kankan wá, awọ inú tó bá sì máa bò ó gbọ́dọ̀ rìn láti ojú rírán, nínú èèyàn kì í sábà rìn kọjá sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2, ó ti dúró nìyẹn, ẹ lè padà débẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan kẹ́ ẹ bá àárín ẹ̀ níhòhò.

Ẹ má jẹ́ kí eku tàn yín lórí eléyìí. Awọ inú ti ẹranko máa ń sáré ju tiwa lọ, páìpù kúkúrú lára eku lè bò délẹ̀délẹ̀, èèyàn á wá yọ̀ pé òun ti rí ọ̀nà. Alexander Clowes àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi hàn lára ìnàkí nínú àwọn ọdún 1980 pé tí ihò ara ePTFE bá fẹ̀ tó 60 máíkírónì (0.06 mílímítà), iṣan tín-ín-rín máa ń gba ògiri wọlé láti ìta, awọ inú á sì tàn láti àárín pàápàá, èyí tó jẹ́ 30 ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tó dùn ún gbọ́ ni. Nínú èèyàn kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ń hù ní làbù ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Symvess jẹ́ páìpù tí sẹ́ẹ̀lì èèyàn hun, tí wọ́n wá fọ sẹ́ẹ̀lì náà kúrò, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i ní December 2024 fún artery apá tàbí ẹsẹ̀ tó bàjẹ́ nínú ìjàǹbá. Ẹ wo ìlànà tí wọ́n fi sí i: ìgbà tí vein aláìsàn fúnra ẹ̀ ò bá ṣeé lò. Mílímítà 6 sì ni, ó jìnnà sí ìka.

Ẹ jẹ́ kí n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ẹni tó ń kánjú:

| | Ojú rírán | Awọ inú | Ohun tó sábà ń pa á | Ibi tí mo ti máa lò ó |
|---|---|---|---|---|
| Fífà á pọ̀ | 1 | ti iṣan fúnra ẹ̀ | fífà jù, fífi ibi tó ti bàjẹ́ sílẹ̀ | gígé tó mọ́, òwú 10-0 kan mú un |
| Vein | 2 | ó bá a wá, tẹ́ ẹ ò bá bó o | ilẹ̀kùn, lílọ́, gígùn jù, ọwọ́ líle; lẹ́yìn oṣù mélòó kan ìnípọn | ìka tó fọ́ tàbí tó fà tu, ọ̀pọ̀ àlàfo |
| Artery | 2 | ó bá a wá | súnkì | àlàfo gígùn níbi tó ń ká, aláìsàn tó máa lò ó pẹ́ |
| Páìpù oníke | 2 | kò sí | ẹ̀jẹ̀ dídì | iṣan ńlá nìkan |

Òrùka ìsopọ̀ náà wà, àwọn òrùka méjì tó ní abẹ́rẹ́ kéékèèké, tó ń mú ẹnu iṣan ṣí síta kí awọ inú pàdé awọ inú, ó wà láti mílímítà 1 sí 4. Fún vein lára ẹran tí wọ́n gbé láti ibì kan síbòmíì, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ó yá, òwú ò sì sí nínú ẹ̀jẹ̀ rárá. Fún artery tó nípọn tó sì le, kì í rọrùn láti ṣí ẹnu ẹ̀ síta láìya á.

Ní ti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá lò, ìṣọ́ kan náà ni. Ìka tó bá funfun tó tutù, ẹ̀jẹ̀ ò wọlé, artery ló ní ẹjọ́. Tó bá ń dúdú, tó sì wú, tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ tí àwọ̀ sáré padà jù, ẹ̀jẹ̀ ò rí ọ̀nà jáde, vein ni. Wákàtí wákàtí ni wọ́n ń wò ó fún ọjọ́ 3 àkọ́kọ́, torí tí wọ́n bá tètè padà sí tíátà wọ́n lè gbà á là. Aspirin ń dín bí platelet ṣe ń kóra jọ kù, heparin sì ń dín bí fibrin ṣe ń dì kù, àmọ́ kò sí oògùn tó lè gba ojú rírán tó ń fà sílẹ̀. Ẹni tó bá sì ń mu sìgá, kó fi sílẹ̀, nicotine ń fún iṣan pọ̀, ìka tí wọ́n fi wákàtí mẹ́jọ so lè kú torí ẹyọ kan tí wọ́n lọ mu ní bálíkónì.

Ohun kan tó kù, tí kò sí nínú tábìlì yẹn, ni pé lọ́pọ̀ ìgbà àárẹ̀ ló ń bá wa yàn. Aago mẹ́ta òru, ẹ ti to egungun, ẹ ti rán iṣan-ẹran, ẹ wá rí i pé artery ò dé ara ẹ̀ pẹ̀lú mílímítà mẹ́ta péré, ọwọ́ iwájú aláìsàn wà lábẹ́ aṣọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì fọ̀, ẹni tó máa fọ̀ ọ́ ti lọ jókòó. Ibẹ̀ ni èèyàn ti máa ń sọ pé ẹ jẹ́ ká fà á díẹ̀. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó gé nǹkan kan rárá, ẹ fọ iwájú apá àti ẹsẹ̀ kan, ẹ bò wọ́n mọ́ra pẹ̀lú aṣọ tíátà, kí vein wà ní ìkáwọ́ yín látìbẹ̀rẹ̀, bóyá ẹ máa lò ó o, bóyá ẹ ò ní lò ó.